Ẹni Tó Ń Di Okùn Mú

Ọrùn Ṣeháta súnmọ́ ọ̀bẹ náà ju ọrùn akọ màlúù lọ. Ó ti fi orúnkún méjèèjì tẹ èjìká ẹran mọ́lẹ̀, ó fa okùn ìwo sẹ́yìn títí orí màlúù fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣan ọrùn òun fúnra rẹ̀ sì yọ gọngọ lábẹ́ awọ. Iṣan yẹn ni Báyúmì ń wò. Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ ń gbà wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá yí ọwọ́ díẹ̀ báyìí, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ta ni yóò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni?

"Bísímílláhì! Alláhù Akbar!"

Ọ̀fun màlúù ni ọ̀bẹ wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà, ó ta sí Ṣeháta láyà, ó ta sí i lẹ́nu. Ṣeháta tutọ́, ó fi èjìká nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ẹ ò ní rọ láé, Bàbá Ádílì! Ẹ ò rí i bó ṣe gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

 Báyúmì nu ọ̀bẹ mọ́ irun ẹran, kò nù ún tán, ó sì tì í bọ inú apá aṣọ jalamíà rẹ̀.

Bàbá Ádílì. Ẹ gbọ́ o, Ádílì kò sí. Ní gbogbo àdúgbò Sàyídà Sáínábù yìí, kò sẹ́ni tó ń pe ọkùnrin tó ti gbéyàwó ní orúkọ rẹ̀ lásán bí ẹni ń pe ajá. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tí ọmọ kò bá tíì dé fún, á mú orúkọ ọmọ tó ń retí, gbogbo ayé á sì máa bá a jẹ́ ẹ, àánú àti ọ̀wọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí Báyúmì ti gbé Ìnṣíráà níyàwó ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ádílì ní odò ẹran. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó béèrè pé Ádílì dà.

Àfi àárọ̀ òní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Iléyá tán ni, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Ọ̀gá Gábìr tó ni iṣẹ́, Báyúmì tó ń mú ọ̀bẹ, Ṣeháta tó ń di okùn mú, àti Ṣálábì tó ń bó awọ. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́, onílé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, na ọwọ́ sí Báyúmì.

"Ẹ kú ọdún o. Bàbá ta ni kí n máa pè yín?"

Kí Báyúmì tó lanu, Ṣálábì ti já ọ̀rọ̀ gbà.

"Bàbá Ádílì ni, Alhájì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oúnjẹ pa mọ́ de Ádílì o! Dókítà ti yẹ bàbá ẹ̀ wò, ó ní Ádílì ò lè gbéra, ọ̀nà ti dí látilé." Ó nawọ́ sí abẹ́ akọ màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀. "Ẹ wo ọkùnrin níbẹ̀! Ẹran tí a fẹ́ pa mà ju ẹni tó fẹ́ pa á lọ!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọmọ onílé ń di ara wọn mú, àwọn obìnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè fi ìborùn bo ẹnu. Onílé wo ilẹ̀, ojú tì í. Ara Báyúmì tutù, lẹ́yìn náà ó gbóná, nítorí pé lẹ́yìn Ọlọ́run àti Ìnṣíráà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tí dókítà sọ.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún Ṣeháta. Wọ́n jókòó lẹ́yìn odò ẹran, wọ́n ń dúró de ìpè ìrun kí wọ́n lè ṣínu, omi sì lé sí Báyúmì lójú láìròtẹ́lẹ̀. Ṣeháta bi í títí ó fi sọ ọ́. Ṣeháta sunkún. Ó sunkún tòótọ́, ẹ má rò pé ẹ̀tàn ni. Ó ní, "Inú mi lọ̀rọ̀ yìí máa kú sí." Inú ẹ̀ kẹ̀? Inú ajere ni! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta wá nìyí bí kì í bá ṣe ti Báyúmì?

Ìpinnu rẹ̀ kò gùn. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, òun á fi ọ̀bẹ yìí sàmì sí ojú Ṣeháta, láti etí dé ètè, kí gbogbo ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ lè máa rí i kí wọ́n tó sọ tinú wọn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín níwájú obìnrin láàárọ̀ yìí.

Nígbà tí wọ́n bó ẹran àkọ́kọ́ tán, tí wọ́n ń gba ọ̀nà tóóró lọ sí ilé kejì, Báyúmì mú Ṣeháta lápá. Ó fún apá náà débi pé Ṣeháta ké.

"Ta lo sọ fún?"

"Sọ kí ni?"

"Má sọ ara ẹ dọmọdé. Ta lo sọ ọ́ fún?"

Ṣeháta wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́. "Ṣálábì nìkan ni. Ó ń sọ kiri pé ìwọ lò ń fìyà jẹ ìyàwó ẹ, pé o ò fẹ́ bímọ torí pé ahun ni ẹ́. Inú bí mi! Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní ara ni ò gbà fún ẹ. Mo gbèjà ẹ ni, Báyúmì."

"O gbèjà mi."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Tún gbèjà mi, màá pa ẹ́."

Ṣeháta rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọ̀gá Gábìr bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ìjà yín di ẹ̀yìn ọdún. Ẹran ń gbọ́ ohùn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹran kejì kì í ṣe kékeré. Akọ dúdú ni, ọrùn rẹ̀ ki, ìwo rẹ̀ kúrú ó sì mú. Wọ́n ti so ó mọ́ irin ojú fèrèsé nísàlẹ̀ ilé alájà márùn-ún kan, níbi tí ọ̀nà ti há jù. Ó ń fi pátákò họ ilẹ̀. Àwọn ọmọdé kún orí àtẹ̀gùn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ju nǹkan sí i.

Òfin kan wà tí alápatà ibẹ̀ máa ń kọ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú: ẹran kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ. Wọn kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹ̀. Wọn kì í gbé ọ̀bẹ ẹlẹ́jẹ̀ kọjá níwájú ẹ̀. Inú apá jalamíà ni ọ̀bẹ ń gbé títí wọ́n á fi dá ẹran dùbúlẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ojú ẹ̀ sí Kíbúlà, ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Ẹ̀sìn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n náà sì sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹran tó bá rí ikú ẹ̀ kì í dúró dè é. Báyúmì kò ṣẹ̀ sí òfin yìí rí.

Ṣeháta ti gba okùn ìwo mú. Ọ̀gá Gábìr bẹ̀rẹ̀, ó de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn ọmọdé kan ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀jẹ̀ àgbò tí wọ́n ti pa nílé ìtòsí, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara ilẹ̀kùn kí ojú burúkú má bàa wọlé, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ni Ṣálábì bá ti ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ó rìn wá síwájú Báyúmì pẹ̀lú ọwọ́ pupa yòò, ó sì fi gbá a pàá nísàlẹ̀ ikùn, lójú gbogbo ayé.

"Ìbùkún ọdún!" ó kígbe. "Ẹ bá wa ṣe àmín! Bóyá ẹ̀jẹ̀ akọ á jí òkú tó wà nísàlẹ̀!"

Gbogbo ọ̀nà hó. Báyúmì kò wo Ṣálábì. Ojú Ṣeháta ló wò, Ṣeháta sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, ó fi apá bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà bọ́ jáde.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bá Ṣálábì lẹ́nu. Eyín kán, Báyúmì mọ̀ ọ́n lára egungun ọwọ́ rẹ̀. Ṣálábì fẹ̀yìn lu ògiri, Báyúmì ta á nípàá níkùn, nígbà tó tẹ̀ ba, ó gbé orúnkún fọ́ ọ nímú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dà sórí ẹ̀jẹ̀ àgbò. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, torí kì í ṣe Ṣálábì ló bí i nínú. Ṣálábì kò ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Ajá ni, ajá á sì máa gbó. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, ikú ilé sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

Báyúmì fa ọ̀bẹ yọ nínú apá jalamíà. Ẹ̀jẹ̀ ẹran àkọ́kọ́ ṣì wà lára ẹ̀. Ó kọjá níwájú màlúù, ó na ọ̀bẹ sí ojú Ṣeháta.

"Tún un rín."

"Báyúmì, ọ̀bẹ!"

"Mo ní kí o tún un rín kí n gbọ́!"

"Ọ̀bẹ ẹ, ẹran ń wò ó! Gbé e pamọ́!" Ojú Ṣeháta kò sí lára irin tó fẹ́ ya á lẹ́nu. Ojú màlúù ló ń wò.

Màlúù ti rí i. Ó rí irin, ó gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lára ọwọ́ tó mú irin. Ó bú ramúramù, ó fà, okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ fèrèsé já. Ọ̀gá Gábìr fò sórí àtẹ̀gùn, ó ń gun àwọn ọmọdé lórí lọ. Ṣálábì rá wọlé pẹ̀lú ẹnu ẹlẹ́jẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn irin, gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ìwo bá Báyúmì nígbà tó ń yíjú padà. Ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó fi lu ògiri òdìkejì, egungun ìhà rẹ̀ dún kẹ́kẹ́. Jalamíà ya, awọ ẹ̀gbẹ́ náà ya. Ó fẹ́ mí, èémí kò wọlé. Màlúù fà sẹ́yìn, ó tẹ orí ba, ó fẹ́ tún wá. Báyúmì mọ̀ pé ìkejì yìí ni yóò tú ìfun òun.

Ṣeháta nìkan ló kù. Okùn ìwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà sì ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tó dí i. Àwọn olókùn kì í we okùn mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá we é, ọwọ́ ló fi tọrẹ, ọmọ ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣeháta ki okùn bọ àárín irin fèrèsé, ó we ìyókù mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn.

Màlúù já wá. Okùn le. Ọwọ́ Ṣeháta gbá mọ́ irin, egungun rún, ó sì figbe ta, irú igbe tí ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Orí màlúù yí padà lójijì, ẹnu ìwo dúró níwájú ikùn Báyúmì, ó kan aṣọ, kò kan ara.

"Gé e!" Ṣeháta ń ké. "Gé e, ọmọ àlè, gé e, ọwọ́ mi ti ń lọ!"

Bísímílláhì jáde lẹ́nu Báyúmì fúnra rẹ̀. Ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ àgbọ̀n ẹran tó dúró, ó fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tún un fà, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bo ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, síbẹ̀ kò dá ọwọ́ dúró. Orúnkún màlúù yẹ̀, ó wó lu ilẹ̀, ó tapá, ó tasẹ̀, ó dákẹ́.

"Tú u sílẹ̀," ni Báyúmì wí nígbà tó lè mí. "Ṣeháta, ó ti kú. Tú u."

Ṣeháta kò lè tú u. Báyúmì fi ọ̀bẹ gé okùn náà. Ìka méjì, èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò bá ọwọ́ wá. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Báyúmì sínú ẹ̀jẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Báyúmì fi ìwérí rẹ̀ di ọwọ́ Ṣeháta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, egungun ìhà ń gún un ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò. Ṣeháta bì sára rẹ̀. Báyúmì ti rò pé ìbínú náà á ti kú báyìí, ṣé ó yẹ kó kú? Kò kú. Ọpẹ́ wà níkùn rẹ̀, ìbínú wà níbẹ̀, èkíní kò sì lé èkejì jáde.

Ọjọ́ Iléyá, ilé ìwòsàn kún fún àwọn tó rò pé àwọn náà lè pa ẹran: ẹni tó gé àtàǹpàkò ara rẹ̀, ẹni tí àgbò kàn nítan. Nọ́ọ̀sì wo aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ àwọn méjèèjì láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

"Ẹ̀yin alápatà ọdún-kan-ọjọ́-kan."

"Alápatà gidi ni wá o!" ni Ṣeháta fèsì, orí rẹ̀ sì wà lórí èjìká Báyúmì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìka rẹ̀ lọ.

Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n di ìhà Báyúmì, wọ́n tẹ́ Ṣeháta sórí ibùsùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí inú yàrá ti kún. Báyúmì jókòó tì í. 

"Kí ló dé tí o ò sá?"

"Sá lọ síbo?"

"Ṣálábì sá. Ọ̀gá sá. Mo yọ ọ̀bẹ sí ẹ, Ṣeháta. Mo fẹ́ ya ẹnu ẹ ni."

Ṣeháta wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. "Okùn mà wà lọ́wọ́ mi."

Báyúmì ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ṣeháta ti yíjú kúrò, ó rí nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ, ó na ọwọ́ tó kù sí i.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ ní dókítà tó ń wo ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí níbí? Kì í ṣèmi o, èmi bí mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi yìí ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wàhálà wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ò lárùn kankan."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú. Ẹni tí àgbò kàn gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é, arákùnrin." Obìnrin kan ṣe àmín. Ọwọ́ Báyúmì ti wọ inú apá jalamíà kó tó mọ̀, kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀. Ó wo ojú Ṣeháta. Ojú náà funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dànù, ó sì ń dán, ó ń yọ̀, ó ń retí ọpẹ́. Kò sí èrò ibi kankan nínú ẹ̀. Èèmọ̀ rèé!

Ẹ̀rín ló pa Báyúmì. Ìhà rẹ̀ ń dùn ún, ó ń rín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè dá a dúró.

"Kí lò ń rín?"

"Kò sí."

Ọwọ́ yìí, bí Báyúmì bá tún bọ́ sẹ́nu ìwo lọ́la, yóò tún dì í mú. Ẹnu yìí, bó bá tún gbọ́ nǹkan lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ bá a nínú ẹ̀. Ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Títí di òní, Báyúmì ti ń rò pé ibi tí òun fi ọrùn òun sí náà ló yẹ kí òun fi ọ̀rọ̀ ilé òun sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá Gábìr dé, ó gbé abọ́ ẹ̀dọ̀ díndín àti búrẹ́dì tí ìyàwó onílé kejì fi ránṣẹ́. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó wúkọ́.

"Ṣálábì ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Eyín ẹ̀ méjì ti lọ. Ó ní bí o bá gbà, òun lòun máa di okùn mú fún ẹ bí ara ẹ bá le."

"Ṣálábì kọ́."

"Ta wá ni?"

"Màá dúró kí ọwọ́ Ṣeháta jiná."

Ọ̀gá Gábìr fa Báyúmì súnmọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó tú àṣírí ẹ síta? Ṣé kì í ṣe òun lo yọ ọ̀bẹ sí láàárọ̀ yìí?"

"Okùn ni mo fẹ́ kó dì mú, Ọ̀gá."

Ọ̀gá wò ó, ó mi orí, ó lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kò tíì tán, ẹran ṣì wà nílẹ̀.

Inú Ṣeháta dùn. Ó gbìyànjú láti dìde jókòó, kò lè ṣe é, ó fi ìgbọ̀nwọ́ fa ara rẹ̀ súnmọ́ Báyúmì.

"Ìnṣíráà ńkọ́? O ò tíì sọ nǹkan kan fún mi lónìí. Ṣé kò sí ìròyìn?"

Ìròyìn wà. Ní àná ni dókítà mìíràn yẹ Báyúmì wò, ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà tó lè la ọ̀nà tó dí náà, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún Iléyá. Òun àti Ìnṣíráà kò sùn, wọ́n kàn di ọwọ́ ara wọn mú. Ní ìdájí, nígbà tó ń wẹ̀ fún ìrun, Ṣeháta ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ lọ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó dùn, ó sì fẹ́ jáde, torí inú rẹ̀ rọ̀ sí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí.

Ó ya búrẹ́dì, ó fi we ẹ̀dọ̀ kan tó tóbi, ó gbé e dé ẹnu Ṣeháta.

"Ìnṣíráà wà dáadáa, ó ní kí n kí ẹ kú ọdún. Yanu."

Ṣeháta yanu. Ó ń jẹ, ó ń fi ojú béèrè ìyókù, ẹnu rẹ̀ sì kún. Báyúmì ti ń we èyí tó kàn.